Omi Inú Atẹ́gùn

Màdáàmù Títílọpẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kan nínú àwọn ìléròrò tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà, omi sì jáde. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Ó rọra ṣàn wá sílẹ̀ lórí ọ̀dà búlúù náà.

"Dáramọ́lá, wá wo èyí."

Mo wò ó. Ebi ń pa mí, oòrùn Okokomaiko sì ti jó mi látàrí, nítorí náà ohun tí mo rí kò ju mọ́tò tí ara rẹ̀ wú káàkiri lọ. "Ọ̀dà ló bàjẹ́, mà. Ẹni tó kùn ún ò mọṣẹ́."

"Ó mọṣẹ́ dáadáa," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Wo etí ọ̀dà yẹn, kò ṣàn, kò dì. Wo bí ibi tó tẹ̀ ṣe padà gún régé. Ọwọ́ ẹ̀ mọṣẹ́. Atẹ́gùn tó fi fín ọ̀dà yẹn ni ò dáa."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀ẹ́ wo nǹkan kan, òun náà á wò ó, ohun tó bá rí á sì mú kó rẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Mo ti bá Ìnspẹ́kítọ̀ Títílọpẹ́ Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣiṣẹ́ pẹ́, síbẹ̀ ó ṣì máa ń bí mi nínú.

Nọ́ọ̀sì kan ní Navy Town ló ra mọ́tò náà létí títì, lọ́nà Alaba Rago, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Tòkunbọ̀ ni, ó ń dán nígbà tó rà á. Kò pẹ́ tí iwájú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ló bá gbé e wá sọ́dọ̀ Ọládàpọ̀ akunmọ́tò, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi tí títì Ìbá ti ya, pé kó bá òun ha á kó sì tún un kùn. Nígbà tí Ọládàpọ̀ tú bọ́ńpà, ó rí ègé aṣọ kan tó há sínú irin. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni, etí rẹ̀ sì ní ìlà funfun. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó pè wá.

Kò sẹ́ni tí kò mọ aṣọ yẹn ní Ìbá. Hìjáábù ilé-ìwé Zulaikha ni.

Zulaikha ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àsánì fọkanáísà bí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò yìí, mọ́tò kan gbá a nígbà tó ń sọdá lọ sílé-ìwé, kò dúró. Joshua, ọmọ Ẹ̀gùn kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà kú sínú kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn rí ẹ̀jẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì rí i pé iwájú rẹ̀ ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní òun ló pa á. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti wà látìmọ́lé. Ọ̀la ni ẹjọ́ rẹ̀, Àsánì fúnra rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé òun á dúró níwájú adájọ́, òun á ní ọkùnrin yìí ló pa ọmọ òun.

Ohun kan ṣoṣo ni Joshua máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì: "Abeg, make I see the papa. The pikin send me message." Gbogbo wa gbà pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Àsánì ní kò sí ohun tó lè mú òun wo ojú apànìyàn náà kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.

Màdáàmù fóònù DPO, ọ̀gá àgọ́ wa. Mo gbọ́ ohùn ọ̀gá wa láti ibi tí mo wà. Ó ní aṣọ aláwọ̀ ewé pọ̀ ní Ìbá. Ó ní bí a ò bá mú ẹni tó wa mọ́tò náà wá kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹjọ́ Joshua ń lọ.

"A máa mú un wá, sà," ni Màdáàmù sọ. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ọládàpọ̀. "Bùọ̀dá, ẹ tan kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yín."

Mo fojú sí Ọládàpọ̀ lára. Ní tèmi, ẹni tó bá kọ́kọ́ ké pé òun rí nǹkan ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Akunmọ́tò ni, ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà.

Màdáàmù nu gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà títí ó fi mọ́ tónítóní. "Ẹ fẹ́ atẹ́gùn yín sí i. Kò ní ọ̀dà nínú o, atẹ́gùn nìkan."

Ọládàpọ̀ fẹ́ ẹ. Gíláàsì náà gbẹ bó ṣe wà.

"Kí lẹ ń wá gan-an, mà?"

"Omi."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó fi ìgò kékeré kan hàn wá lára páìpù, omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ibí ni mo ti ń mú un. Bí omi bá bá ọ̀dà lọ, ẹ ò ní rí i lọ́jọ́ náà o. Ó máa ń fara pamọ́ ni. Ó dìgbà tí oòrùn bá lù ú dáadáa kó tó wú. Ìgbà yẹn ni kọ́sítọ́mà á gbé e padà wá, á bú mi tìyá tìyá. Ṣé mo fẹ́ràn èébú ni?"

"Ẹ ṣé," ni Màdáàmù wí. Ó ti ń lọ síbi mọ́tò wa.

Mo sáré tẹ̀ lé e. "Màdáàmù, ọkùnrin yẹn lè tún ẹ̀rọ ẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó ti kùn ún."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa kun mọ́tò tó pa ọmọ, tó tún máa pe ọlọ́pàá wá wò ó? Dáramọ́lá, jẹ́ kí n bi ọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn kú, ta ló wà lójú títì?"

Mo rántí. Àwọn sójà láti Ọ̀jọ́ Cantonment ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́nà méjèèjì lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí mọ́tò tí iwájú rẹ̀ fọ́ tó kọjá lọ́dọ̀ wọn.

"Nítorí náà Ìbá ló fi pamọ́ sí," ni mo sọ, "ibẹ̀ náà ló ti kùn ún."

"O káre. Ta ló ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nítòsí ibi tí ọmọ yẹn kú sí?"

Mo ronú. "Ọládàpọ̀. Dókítà eyín tó wà lókè ilé epo. Àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di mílíìkì lẹ́búlẹ́bú sínú ọ̀rá. Àwọn mẹ́ta náà nìyẹn."

Ojú rẹ̀ bà jẹ́. "Jẹ́ ká lọ rí àwọn méjì tó kù ná," ló sọ.

*

Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ ń yọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí a wọlé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó sì ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ lọ mọ́ lọ́wọ́.

"Atẹ́gùn tèmi? Kùn mọ́tò? Madam, ẹ jókòó ná." Ó fà wá lọ sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí ẹ̀rọ náà wà. "Ẹnu èèyàn ni mò ń fẹ́ ẹ sí. Bí mo bá fẹ́ dí eyín, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ ojú ihò yẹn. Omi tíntín bá kù síbẹ̀, ohun tí mo fi dí i máa já bọ́, aláìsàn á ní ọ̀lẹ ni mí. Kòkòrò náà á tún máa gbé inú páìpù tó bá lómi."

"Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ gbẹ tó?"

"Ìrì là ń fi wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹ mọ bí ìgò kóòkì tútù ṣe máa ń làágùn bẹ́ ẹ bá gbé e sórí tábìlì? Omi inú atẹ́gùn yàrá ló ń sẹ̀ sí i lára, torí pé ìgò yẹn tutù. Tèmi yìí, ìgò yẹn ní láti tutù dé minus twenty kó tó làágùn. Yìnyín ò tíì tutù tó bẹ́ẹ̀."

"Akunmọ́tò ńkọ́?"

"Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tiwọn ò le tó tèmi. Bó bá ti gbẹ tó atẹ́gùn inú fíríìjì, ó tó wọn."

Màdáàmù ní kó fẹ́ díẹ̀ sórí dígí. Dígí náà gbẹ. Mo béèrè bóyá máígáàdì rẹ̀ lè ti fi okùn gígùn fa atẹ́gùn náà lọ síta lóru. Dókítà náà wò mí bí ẹni wo eyín tó ti jẹrà.

Ní ilé iṣẹ́ mílíìkì, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ká dé ìdí ẹ̀rọ kí wọ́n tó wọ̀ wá láṣọ funfun àti fìlà. Ìyáàfin Àbíkẹ́, tó jẹ́ alábòójútó ibẹ̀, fi ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀rọ ńlá kan tó ń kùn yùn-ùn.

"Mílíìkì burú ju eyín lọ," ló sọ. "Eléyìí, minus forty. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti di òkúta nìyẹn. Ìyá ọlọ́mọ á já ọ̀rá, á bá kúlúkúlú níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí máa ń ké fúnra ẹ̀ bí omi bá fẹ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó lè fa atẹ́gùn kúrò lára ẹ̀ kí gbogbo ilé má gbọ́."

Nígbà tí a jáde, mo jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ọlọ́pàá. Inú mi ò dùn rárá. Ojú Joshua ń wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń di irin sẹ́ẹ̀lì mú.

"Gbogbo wọn gbẹ, mà. Dókítà gbẹ, oní-mílíìkì gbẹ jù, akunmọ́tò gbẹ tó bó ṣe yẹ. Kò sí ẹ̀kẹrin."

"Iṣẹ́ wo ni kò bìkítà bóyá omi wà nínú atẹ́gùn òun tàbí kò sí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo ti fún táyà ẹ̀yìn mọ́tò wa ní atẹ́gùn.

"Fọkanáísà," ni mo sọ. "Omi ò ṣe táyà ní nǹkan kan." Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, inú sì bí mi sí i gan-an. "Màdáàmù, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ ni! Ẹ̀ẹ́ lọ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé òun ló kun mọ́tò tó pa ọmọ ẹ̀?"

"Mi ò sọ pé òun ló kùn ún." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Omi inú ìléròrò yẹn pupa. Ìpẹtà ni. Tánkì tí wọn ò ṣí omi ìdí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ti jáde. Gbogbo Ìbá ló sì mọ̀ pé Àsánì kì í jẹ́ kí omi sùn nínú tánkì ẹ̀. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú láti òwúrọ̀, Dáramọ́lá. Ó ń dà mí láàmú, ó sì ń bà mí nínú jẹ́, torí pé mo rò pé mo ti mọ ìdí ẹ̀."

*

Àsánì jókòó sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ kan gbé táyà tírélà ni tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀wù rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ọkùnrin kan ń bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú ife fún un, ó ń rọ̀ ọ́ pé kó mu díẹ̀.

Gbénró lorúkọ ọkùnrin náà. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, Àsánì sì jẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wa àwọn tòkunbọ̀ láti Sẹ̀mẹ́ wá fún àwọn tó ń tà wọ́n ní Alaba. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé láti ìgbà tí Zulaikha ti kú, bí kò bá sí Gbénró ni, ebi ì bá ti pa Àsánì.

Màdáàmù kúnlẹ̀ kí Àsánì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀, kò gba àga.

"Bàbá Zulaikha, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bi yín. Ta ló máa ń ṣí omi ìdí tánkì yín?"

Àsánì gbé ojú sókè.

"Ọmọ mi ni."

Ó nawọ́ sọ́nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Láràárọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé ni. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń dún fììì. Á bọ́ sílípáàsì ẹ̀ síbẹ̀, á wọ sáńdáàlì ilé-ìwé, á ní 'Bàbá, mo ti ṣí i o.' Mi ò kí ń sọ fún un kó tó ṣe é." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Láti ìgbà tí ò ti sí mọ́, ta ló ń ṣí i?"

"Mi ò mọ̀. Mo lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú, kí n má baà ya wèrè. Mi ò rántí pé mo ṣí omi kankan. Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi lọ mọ́. Ibẹ̀ wà ní títì látìgbà yẹn."

"Lọ́jọ́ fìdáù, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ Gbénró. Bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ la fẹ́ fi gba àlejò. Òun náà ló lọ kó o." Àsánì tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí ọmọkùnrin yìí, Màdáàmù? Kò sóhun tí kò lè fọwọ́ ṣe. Òun ló bá mi kun géètì ibẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn ní Ṣàgámù kó tó di awakọ̀."

Gbénró gbé ife ẹ̀kọ náà kalẹ̀ láì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jẹ́ ká lọ ṣí i," ni Màdáàmù wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀.

*

Ọgbà kékeré kan ni ṣọ́ọ̀bù náà, páànù ni wọ́n fi yí i ká, mọ́tò kan péré ló lè wọ inú rẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà wà ní kọ̀rọ̀, táyà gbígbó wà káàkiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì ni sílípáàsì kékeré méjì wà, wọ́n kọ orí sí géètì. Pupa ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àsánì rí wọn, ó dúró gbọn-in.

"Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Bàbá," ni Màdáàmù sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbé e."

Bàbá náà fi orí dáhùn pé kó gbé e. Màdáàmù gbé wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó ní kí n wò ó. Ojú sílípáàsì náà ní eruku búlúù. Gbogbo sìmẹ́ńtì tó yí wọn ká ní eruku búlúù kan náà, ó fẹ́lẹ́, ó dì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n wà mọ́ funfun, ó yọ àmì àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé méjì sílẹ̀.

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún mi. Sílípáàsì náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fín ọ̀dà náà. Àárọ̀ ọjọ́ tí Zulaikha kú ló bọ́ wọn sílẹ̀ kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ẹnì kan wọ ibí, tó sì fín ọ̀dà búlúù.

Màdáàmù na ọwọ́ sí ìdí tánkì, ó yí kọ́ọ̀kì kékeré tí omi ń gbà jáde. Atẹ́gùn tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tì í jáde, ó dún fììì. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú ló bá a jáde, ó ń tú jáde títí, ó sì gba ẹsẹ̀ wa kọjá.

"Gbénró," ni Màdáàmù pè é láì wo ẹ̀yìn, "kí ló dé tí ẹ ò ṣí omi yìí kẹ́ ẹ tó fín ọ̀dà? Ẹ kọ́ṣẹ́ yìí. Ẹ mọ̀ pé omi á bà á jẹ́."

Mo ti dúró sẹ́nu géètì. Mo ti múra pé bó bá sá, màá dì í mú. Kò sá.

"Mo rò pé ó ti ṣí i," ló sọ.

"Ta ni?"

"Zulaikha." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ náà ṣì wà láàyè. "Láràárọ̀ ló máa ń ṣí i. Mi ò ronú ẹ̀ rárá. Mo kàn mọ̀ pé tánkì Bùọ̀dá Àsánì kì í lómi, torí pé ọmọ yẹn máa ń… Mo gbàgbé pé kò sí níbẹ̀ mọ́." Ó jókòó lulẹ̀ sínú omi náà. "Mo gbàgbé pé èmi ni mo…"

"Sọ ọ́ tán," ni Àsánì wí.

"Mi ò sùn mọ́jú lọ́nà Sẹ̀mẹ́, Bùọ̀dá mi. Oorun ló gbé mi. Mo gbọ́ pé nǹkan gbá mọ́tò, ẹ̀rù bà mí, mi ò dúró. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ pé òun ni! Mo lọ fi mọ́tò sẹ́yìn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán. Mo délé, mo wá bá ẹkún. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ gbá mi mọ́ra, ẹ ní 'Gbénró, wọ́n ti pa Zulaikha.' Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ nígbà yẹn? Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ wá, mo fẹ́ sọ ọ́. Lójoojúmọ́ lẹ ń súre fún mi."

"Lọ́jọ́ fìdáù, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọmọ mi nílé, ìwọ wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ lo bá mi gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, Gbénró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá mi."

Mo rò pé Àsánì á gbé irin ńlá kan tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Kí n má purọ́, bó bá gbé e, mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò gbé e. Ó lóṣòó síwájú tánkì, ó ń wo omi tó ń jáde títí omi náà fi tán, tó ku atẹ́gùn, títí atẹ́gùn náà fi tán. Ó wá ti kọ́ọ̀kì náà bó ṣe yẹ.

"Èmi ni mo yá ọ ní atẹ́gùn," ló sọ. Kì í ṣe pé ó ń bá ẹnikẹ́ni wí. Ó wulẹ̀ sọ ọ́ ni, mo sì rí i pé Màdáàmù, tí mi ò rí kó sunkún rí, yíjú sí páànù.

*

Nígbà tí a dé àgọ́, tí mo ti fa Gbénró lé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, mo rò pé Àsánì á ní kí a gbé òun relé. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dúró sí ẹnu kọ́ńtà, ó di sílípáàsì náà mú sáyà.

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́?" ló béèrè. "Ẹni tó gbé e."

Mo lọ ṣí sẹ́ẹ̀lì. Joshua jáde, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ kan ò tíì là tán láti ọjọ́ tí wọ́n lù ú. Bó ṣe rí Àsánì, ó fẹ́ padà sẹ́yìn.

Àsánì dọ̀bálẹ̀ fún un. Àgbàlagbà, lórí sìmẹ́ńtì àgọ́ ọlọ́pàá, fún ọmọdékùnrin tó lè bí. Joshua ń pariwo pé "Baba, no! Ẹ dìde, ẹ dákun!" Èmi àti Màdáàmù la jọ gbé e dìde.

"Wọ́n ní o ń wá mi," ni Àsánì sọ. "Wọ́n ní ó rán ọ níṣẹ́ sí mi. Mo kọ̀, mi ò gbọ́. Kí ló wí?"

Joshua wò mí, ó wo Màdáàmù. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó jókòó sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ kan dì í mú. Kò sunkún. Ó ní ẹsẹ̀ sáńdáàlì òun kan ti bọ́. Ó ní kí n padà lọ bá òun mú un, tuntun ni. Ó ní bàbá òun máa bínú. Mo ní kò ní bínú. Ó ní kí n ṣáà bá òun bẹ̀ ẹ́." Ó wo Àsánì. "Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i."

Àsánì nawọ́ wá àga lẹ́yìn rẹ̀ bí afọ́jú, mo sún un sí i, ó jókòó. Ó gbé sílípáàsì méjèèjì lé orúnkún, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku búlúù ojú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni, kò lọ.

"Mi ò bínú," ló sọ. Ó tún un sọ, ó ń wo sílípáàsì náà. "Mi ò bínú rárá, ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ Joshua mú, ó fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Jọ̀ọ́," ló wí, "tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀."